Láti orí Kèrègbè dé orí Agolo: Bí Ohun Ìgbé-Ọtí Ṣe Ń Padà Sílé

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní akèrègbè ni yóò júwe ibi tí a ó gbà fi okùn sí i lọ́rùn. Ẹ̀yin ọmọ Ìlíṣàn nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, òwe yìí ni mo fẹ́ kí a fi wo ọ̀rọ̀ kan tí ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n tí ó ń dí ojú àgbàrá mọ́ wa lọ́wọ́: èyíinì ni ike àti ọ̀rá tí a fi ń di agolo ọtí pọ̀.

Láyé àtijọ́, kèrègbè ni adẹ́mu fi ń gbé ẹmu wálé. Bí a bá mu ún tán, kèrègbè a padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀, yóò fọ̀ ọ́, yóò sì tún gbé e lọ sí ìdí ọ̀pẹ. Èyí tí ó bá fọ́, ilẹ̀ a jẹ ẹ́.

Ní 1946 ni a dá Nigerian Breweries sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1949 ni ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó. Ní 1962, Guinness ṣí ilé ìpọntí tirẹ̀ ní Ìkẹjà. Ẹni tí yóò ra ọtí ní láti kó òfìfo ìgò dání, tàbí kí ó san owó ìgò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá rán wa ní òfìfo ìgò tí ọ̀kan sì fọ́ lọ́nà, ẹkún ni a ó sun wọlé. Kì í ṣe pé ènìyàn ìgbà náà fẹ́ràn ìmọ́tótó ju ti òní lọ. Owó ni ó wà lórí ìgò.

Agolo ni ó yí nǹkan padà. Ní 1935 ni a kọ́kọ́ ta bíà inú agolo ní Richmond, ní Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí 1960 ni wọ́n ṣe òrùka ike tí ń so agolo mẹ́fà pọ̀. Òrùka yìí ń há ẹyẹ àti ẹran omi lọ́rùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ibẹ̀ fi ṣòfin ní 1988 pé kí a máa ṣe é lọ́nà tí yóò lè jẹrà. Ní 2018, Carlsberg bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtè lẹ agolo mọ́ra dípò rẹ̀. Ẹ̀yin ará wa lókè òkun mọ irú mìíràn, ìdìmú ike líle tí a ń tẹ̀ mọ́ orí agolo. Níhìn-ín, ọ̀rá tí a fi wé agolo ni ó pọ̀ jù.

Ọ̀nà ìpadàbọ̀ wọn kò ṣòro. Ìdìmú líle, bí a bá yọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ṣeé fọ̀, ó sì ṣeé tẹ̀ mọ́ agolo mìíràn. Èyí tí ó bá ya, a lè lọ̀ ọ́, kí a sì yọ́ ọ ṣe tuntun. Òrùka àti ọ̀rá kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n a lè yọ́ wọn bí wọ́n bá mọ́, tí a kò sì pa irú kan pọ̀ mọ́ èkejì. Nítorí náà ni àwọn ilé ìpọntí kéékèèké kan ní Amẹ́ríkà fi ń gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà wọn, kí oníbàárà lè dá ìdìmú padà. Bí a bá dà á mọ́ ìdọ̀tí yòókù, ó kéré jù fún ẹ̀rọ láti ṣà.

Ní 2018 ni International Breweries ṣí ilé ìpọntí ńlá ní Ṣàgámù, nítòsí wa. Ọkọ̀ tí ń gbé ọtí onígòó wá sí ìsọ̀ ń kó òfìfo padà. Kí ni ó dé tí kò fi ní lè kó àpò ike àti ọ̀rá kan pẹ̀lú? Bí ilé ìpọntí bá sì fi owó díẹ̀ sórí rẹ̀ bí ti ìgò, àwọn ọmọ wa ni yóò ṣà á tán nílẹ̀.

Mo rọ Ẹgbẹ́ wa kí ó kọ̀wé sí àwọn ilé ìpọntí lórí èyí, kí àwọn tí ń ta ọtí láàrin wa sì fi àpò kan kọ́ ìsọ̀ wọn. Ẹni tí ó ṣe ohun ìgbé-ọtí ni akèrègbè inú òwe wa. Òun ni ó yẹ kí ó júwe ọ̀nà tí yóò gbà padà sílé. Kí Ìlíṣàn ó máa gòkè sí i. Àṣẹ.