Wáyà Tó Gba Àdúgbò Wa Kọjá Ní 1844

Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó gba Hyattsville, Beltsville àti Laurel kọjá ní ìtàn tó yẹ ká mọ̀.

Ní 1843, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fún Samuel Morse ní 30,000 dọ́là láti ta wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin yìí, láti Washington dé Baltimore. Wọ́n kọ́kọ́ rì í mọ́lẹ̀ nínú páìpù òjé. Kò ṣiṣẹ́, owó sì ti ń tán lọ kí wọ́n tó gbé e sórí òpó igi. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1844, wáyà kò tíì dé Baltimore, níbi tí ẹgbẹ́ òṣèlú Whig ti fa Henry Clay kalẹ̀. Alfred Vail dúró ní Annapolis Junction, ó gba ìròyìn lọ́wọ́ àwọn èrò ọkọ̀, ó sì tẹ wáyà sí Morse. Kí ọkọ̀ náà tó dé Washington, wọ́n ti gbọ́ níbẹ̀.

Àgbègbè tiwa yìí ni ìròyìn náà gbà kọjá, láàárín oko tábà tí àwọn ènìyàn dúdú ń ro lóko ẹrú. Òmìnira kò dé Maryland títí di 1864.

Báwo ni wáyà bín-ín-tín ṣe ń sọ̀rọ̀? Àkókò ló ń lò: ìtẹ̀ kúkúrú, ìtẹ̀ gígùn, àti ìdákẹ́ láàárín wọn, bí àwọn méjèèjì bá ti jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tó gbọ́ dùndún rí, tí ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tó fún láti pe ènìyàn lórúkọ. Àwọn olówó ẹrú náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: ní 1740, South Carolina fi òfin de ìlù, kí àwọn ẹrú má baà fi ránṣẹ́ síra wọn. Èyí dùn wá gan-an.

Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó kéré ju èékánná lọ, irú èyí tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ kan tí àwa nọ́ọ̀sì fi ń wọn ìgbóná ara. Ní 1982 ni ilé iṣẹ́ Philips gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n ń pè ní I2C. Wáyà méjì péré ni fún ọ̀rọ̀ sísọ: ọ̀kan ń gbé ọ̀rọ̀, èkejì ń ka àkókò, bí gúdúgúdú ṣe ń di ìlù mú nígbà tí ìyáàlù ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ pe nọ́ńbà ẹnìkejì. Ẹni tí a pè á fa wáyà ọ̀rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ni pé ó jẹ́ ipè. Bí wáyà náà bá wà lókè síbẹ̀, kò sẹ́ni nílé nìyẹn.