Ta Ló Lè Kọ Etí Ikún sí Ìpolówó Ọjà? Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn Wàrà Inú Agolo

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Àwọn Yorùbá ti ń pa á lówe tipẹ́ kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó dé, wọn kò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ẹlẹ́kọ a máa kiri, a máa ki ẹ̀kọ rẹ̀ bí ẹni ń ki ọba. Ẹni tó fẹ́ rà á náà mọ̀ pé ìyìn ẹnu ọlọ́jà ni òun ń gbọ́. A yẹ ọjà wò, a tọ́ ọ wò, a ná an, bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, a bá tirẹ̀ lọ. Bóyá ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà títí di òní pé ìpolówó kò lè mú ẹni tó bá ní làákàyè, pé ẹni tó bá fara sílẹ̀ fún ẹ̀tàn nìkan ni ẹ̀tàn ń mú.

Bí ọ̀rọ̀ bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ọwọ́ ní Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún tó kọjá ìbá má ṣẹlẹ̀. Àwọn ìyá wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ wọn, wọ́n sì mọ ọjà á ná. Síbẹ̀, ìpolówó wàrà inú agolo gba ọmú lẹ́nu ọmọ wọn.

Ọdún 1867 ni Henri Nestlé, apòògùn tí a bí ní Jámánì tó sì ń gbé ìlú Vevey ní Switzerland, ṣe oúnjẹ ọmọ kan tí ó fi wàrà, ìyẹ̀fun àlìkámà àti ṣúgà pò. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn kò lè fún lọ́mú ni ó ṣe é fún, àánú sì wà nínú iṣẹ́ náà. Kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn fi dá irú ọjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwọn abiyamọ tí kò lómi lọ́yàn kò pọ̀ tó láti sọ oníṣòwò di olówó ńlá. Kí ọjà tó lè tà wìtìwìtì, ẹni tó lọ́mú pàápàá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọmú òun kò tó.

Obìnrin kan tètè rí ewu yìí. Dókítà Cicely Williams, ọmọ bíbí Jàmáíkà, ti ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, láti ọdún 1929. Òun ló ṣàlàyé àìsàn kwashiorkor fún àwọn oníṣègùn àgbáyé, orúkọ tí àwọn Gà ń pè é gan-an ló sì lò. Nígbà tí ìjọba gbé e lọ sí Màláyà, ó rí àwọn obìnrin tí a wọ̀ láṣọ bíi nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń ti ilé dé ilé tọ àwọn abiyamọ lọ láti fi wàrà dídì aládùn lọ̀ wọ́n. Ní ọdún 1939, ó dìde níwájú ẹgbẹ́ Rotary ní Singapore, ó sì fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àkọlé tí ó jọ “Wàrà àti Ìpànìyàn”. Ó ní ó yẹ kí a ka ikú àwọn ọmọ tí irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ ń fà sí ìpànìyàn. Kò fi bọ́ọ̀bọ́ọ̀ sọ ọ́ rárá, ṣùgbọ́n ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá kí ayé tó kọbi ara sí i.

Lẹ́yìn ọdún 1960, iye ọmọ tí wọ́n ń bí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì túbọ̀ kọjú sí ilẹ̀ Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé àwòrán ọmọ tó sanra, tí ara rẹ̀ ń dán, sára ògiri ilé ìwòsàn. Wọ́n polówó lórí rédíò. Wọ́n kó agolo ọ̀fẹ́ fún àwọn ilé ìgbẹ̀bí, kí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè gbé ọ̀kan lọ sílé. Ibi tí ọgbọ́n náà ti yàtọ̀ sí ti ẹlẹ́kọ nìyí. Gbogbo ènìyàn ló máa ń ṣọ́ra níwájú ọlọ́jà, ṣùgbọ́n ta ni í ṣọ́ra níwájú nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí rẹ̀? Ìpolówó tó fi ara hàn gẹ́gẹ́ bí ìpolówó, ènìyàn lè kọ̀ ọ́. Èyí tó wọ aṣọ funfun wọlé, ìmọ̀ràn ni ìyá pè é.

Ohun kejì tún wà tí làákàyè nìkan kò lè wò sàn. Bí ọmọ bá ṣe ń mu ọmú tó ni omi ọyàn ṣe ń wá tó. Bí ọmọ bá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan mu wàrà agolo, ọyàn ìyá rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Nígbà tí agolo ọ̀fẹ́ bá tán, kò sí ọmú mọ́ láti padà sí, dandan ni kí ó máa ra òmíràn. Agolo náà sì wọ́n. Ìyá tálákà á bu ìwọ̀nba ìyẹ̀fun sínú omi púpọ̀ kí ó lè tọ́jọ́. Omi odò tàbí ti kànga ni ó fi ń pò ó, igi ìdáná kì í sì í tó láti se ìgò ọmọ ní gbogbo ìgbà. Ìgbẹ́ gbuuru á dé, ọmọ á máa rù, ikú á sì tẹ̀ lé e. Ìyá yìí kò ṣe ju ohun tí wọ́n sọ fún un lọ.

Ilẹ̀ Yorùbá ní ọwọ́ nínú bí àṣírí náà ṣe tú. Ní oṣù Ògún ọdún 1973, ìwé ìròyìn New Internationalist ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ wá àwọn dókítà ọmọdé méjì lẹ́nu wò. Ọ̀kan ni Ralph Hendrickse, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn. Èkejì ni David Morley, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tó sì dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀, àwọn ìyá fúnra wọn ló ń tọ́jú káàdì tí a ń kọ ìwọ̀n ọmọ wọn sí. Ohun tí wọ́n fojú rí lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn méjèèjì sọ.

Ní ọdún 1974, akọ̀ròyìn Mike Muller kọ ìwé pẹlẹbẹ kan fún ẹgbẹ́ War on Want ní London lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Bern túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn ìwé pé Nestlé ń pa ọmọ. Ilé-iṣẹ́ náà pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ọdún 1976, adájọ́ dá wọn lẹ́bi ìbanilórúkọjẹ́ nítorí àkọlé náà, ó sì bu owó ìtanràn 300 fráǹkì lé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó tún sọ fún ilé-iṣẹ́ náà pé ó gbọ́dọ̀ tún ọ̀nà tó ń gbà polówó ọjà rẹ̀ rò. Ẹni tó jàre lẹ́jọ́ kò jàre lójú aráyé.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Agẹmọ ọdún 1977, ẹgbẹ́ INFACT ní Minneapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yan ọjà Nestlé lódì, ó sì tàn dé Kánádà, Bírítéènì àti Jámánì. Ní ọdún 1978, Sẹ́nétọ̀ Edward Kennedy bi àwọn ilé-iṣẹ́ wàrà léèrè ní gbangba bóyá ó tọ́ láti ta ọjà tó nílò omi mímọ́ àti ẹni tó lè kàwé fún ibi tí kò ti sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ní oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 1981, ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà tó ka ìpolówó wàrà ọmọ fún aráàlú àti pípín agolo ọ̀fẹ́ fún àwọn ìyá léèwọ̀. Orílẹ̀-èdè 118 ló fara mọ́ ọn. Amẹ́ríkà nìkan ló kọ̀ ọ́. Ní ọdún 1984, Nestlé gbà láti tẹ̀ lé ìlànà náà, ìyanlódì sì dópin. Nígbà tó di ọdún 1988, ó tún bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n ní agolo ọ̀fẹ́ ṣì ń wọ ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí àwọn tó jà. Àwọn tó kọ kọfí àti ṣokoléètì sílẹ̀ ní Minneapolis kì í ṣe àwọn tí ìpolówó agolo náà ń bá wí. Wọ́n jìnnà sí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè rí i kedere. Ìyá tó wà lórí ibùsùn ìbímọ, tó rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ń ké, kò sí ní ipò tí yóò ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ẹlòmíràn ni ó gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn kí ìpolówó má bàa wọlé tọ̀ ọ́. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Nàìjíríà náà ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ní ọdún 1990, nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé, jẹ́ mínísítà ètò ìlera, ìjọba gbé Àṣẹ 41 jáde láti fi ìjánu sí títa àti pípolówó wàrà ọmọ. Àjọ NAFDAC ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ènìyàn fi hàn pé ní ọdún 2003, nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 17 péré ni ọmú nìkan ni oúnjẹ wọn. Ní 2008, ó wálẹ̀ sí 13. Ní 2018, ó gòkè dé 29.

Kì í ṣe ìpolówó nìkan ló fa èyí. Àwọn ìyá àgbà ti ń ro omi àti àgbo fún ọmọ tuntun kí agolo tó dé. Ọlọ́jà kò lè fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, òṣìṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Òfin tó lé ìpolówó lọ ṣùgbọ́n tí kò fún ìyá ní àkókò, ààbọ̀ iṣẹ́ ló ṣe. Ìpínlẹ̀ Èkó mọ èyí nígbà tó sún ìsinmi ìbímọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀ sí oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́ ní ọdún 2014. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fún aláta ní ìsinmi?

Bùràsílì gba ọ̀nà tó gbòòrò jù. Láti ọdún 1981, ìjọba ibẹ̀ gbé ọmú ìyá fúnra rẹ̀ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ó fi òfin de ìpolówó agolo, ó sì kọ́ ilé ìfiwàrà-ìyá-pamọ́ káàkiri. Àwọn panápaná ń lọ gba wàrà ọmú tí àwọn ìyá fi tọrẹ láti ilé wọn. Nígbà tó fi máa di ọdún 2006, iye oṣù tí ìyá ń fún ọmọ lọ́mú níbẹ̀ ti ju ìlọ́po mẹ́ta ti àárín ọdún 1970 sí 1979 lọ. Àgúnmu tí òwò ń lò, wọ́n gún un fún ọmú.

Ìjà náà kò tíì parí. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé jáde ní ọdún 2022 fi ọ̀rọ̀ wá àwọn òbí, aláboyún àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lẹ́nu wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ó lé ní ìdajì àwọn òbí àti aláboyún náà tí ìpolówó wàrà ọmọ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Lónìí, kò nílò láti wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. Orí fóònù ló ń gbà wọlé, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ìyá ọlọ́mọ tó dà bí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́, tàbí ẹnu gbajúmọ̀ kan tó ń fi ọmọ rẹ̀ hàn.

Nítorí náà, ènìyàn lè tako ìpolówó, ìtàn yìí jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n kò jẹ́rìí sí èrò pé làákàyè ẹnì kan ṣoṣo tó fún iṣẹ́ náà. Cicely Williams sọ̀rọ̀ ní 1939, ìlànà àgbáyé dé ní 1981. Ọdún 42 ló wà láàárín méjèèjì, àwọn ọmọ tó kú nínú wọn kò sì ṣeé kà. Nígbà mìíràn tí a bá rí ìyá kan pẹ̀lú agolo lọ́wọ́, kí a tó bi í pé kí ló dé tí ó gbà á, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó gbé e lé e lọ́wọ́, àti ẹni tó yẹ kó wà lẹ́nu ọ̀nà tí kò sí níbẹ̀.