Remain in Light (àwo orin Angélique Kidjo)

Remain in Light ni àwo orin tí Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2018. Orin mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Talking Heads ti New York, tí David Byrne jẹ́ aṣíwájú wọn, àti Brian Eno tó bá wọn ṣe é ló ni gbogbo wọn. Àwọn ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1980.

Ní Ìdímù tàbí Ìkòtún, kì í ṣe ìròyìn bí ẹgbẹ́ olórin bá kọ orin Ebenezer Obey lóde àríyá. Ṣùgbọ́n kí olórin tó lórúkọ wọ sítúdíò, kó tún àwo ẹlòmíì kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn ò wọ́pọ̀. Ó gba àṣẹ pẹ̀lú: òfin Nàìjíríà ti 2022 dáàbò bo orin títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó hun ún.

Orin inú Remain in Light kò ṣàjèjì sí wa. Afrodisiac, àwo Fẹlá ti 1973, ni Eno àti Byrne ń tẹ̀lé nígbà tí wọ́n ń ṣe tiwọn. Ọmọ Fọ̀n ni bàbá Kidjo, Yorùbá ni ìyá rẹ̀. Ní 1983 Kidjo sá fún ìjọba Kérékou ní Bẹ̀nẹ̀ lọ sí Paris, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ Once in a Lifetime, ọ̀kan nínú orin àwo Talking Heads náà, níbi àríyá kan. Ó ní orin Áfíríkà nìyí. Wọ́n ní rárá o, rọ́ọ̀kì ni. Èsì tó fún wọn gbà ju ọgbọ̀n ọdún lọ.

Kò sín Talking Heads jẹ. Ó fi èdè ilé rẹ̀ kún ọ̀rọ̀ orin náà, ó sì pe Tony Allen, ọmọ Èkó tó ń lùlù fún Fẹlá láyé ẹgbẹ́ Africa 70, pé kó wá lùlù sí i. Ká sòótọ́, ìpè yẹn nìkan tó láti fi dá àwọn ará Paris lóhùn. Nígbà tó kọ àwọn orin náà ní Carnegie Hall ní 2017, kí àwo tó jáde, Byrne fúnra rẹ̀ bá a lórí ìtàgé.

Ní 2019 Kidjo tún ṣe Celia, àkójọ orin tí Celia Cruz ti Kúbà sọ di olókìkí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe Cruz ló hun ún. Orin òrìṣà bíi Yemọja, Ọya àti Ẹlẹ́gbára wà nínú rẹ̀. Tony Allen náà wà níbẹ̀. Àwo yìí gba Grammy ní 2020.