Aago Commodore 64 àti Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán ní Jámánì

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, níbi ìpàtẹ ẹ̀rọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Berlin, Willy Brandt, igbákejì olórí ìjọba, na ọwọ́ sí bọ́tìnnì pupa láti ṣí ètò amóhùnmáwòrán aláwọ̀. Kí ó tó tẹ bọ́tìnnì náà tán, àwọ̀ ti yọ. Ọ̀ṣọ́ lásán ni bọ́tìnnì yẹn. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ gan-an ló yára jù.

PAL, ìlànà tí Walter Bruch ti ilé-iṣẹ́ Telefunken gbé kalẹ̀, ni wọ́n ṣí lọ́jọ́ náà. Àwọ̀ ni PAL mú wá. Àkókò ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Láti ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1952 tí NWDR ti bẹ̀rẹ̀ ètò ojoojúmọ́ láti Hamburg, ìlà 625 ni àwòrán kọ̀ọ̀kan ní. Ẹ̀rọ ń ya ìdajì rẹ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà Commodore 64 jáde ní 1982, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán inú ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn so ó mọ́. Aago rẹ̀ ní láti bá ti ẹ̀rọ náà mu. Nínú èyí tí wọ́n tà ní Jámánì, aago ń ró ní ìgbà 63 lórí ìlà kan. Ìlà 312 ló wà nínú àwòrán kan, àpapọ̀ ìró sì jẹ́ 19,656. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ ìró 65 lórí ìlà 263, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17,095. Láàárín ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń hàn, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán tún máa ń gba ó kéré tán 40 nínú ìró wọ̀nyí lọ́wọ́ ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò, ní ìlà kan nínú mẹ́jọ.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀ láàárín ìlà gbọ́dọ̀ ka ìró aago ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí wọ́n kà sí 65 yóò ṣì ẹsẹ̀ gbé lórí 63: àwọ̀ yóò yà kúrò ní àyè rẹ̀. Orin tó ń tẹ̀lé àwòrán yóò sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà falẹ̀.

Èyí ló mú kí ìtọ́jú kọ̀ǹpútà àtijọ́ le. Láti 1997 ni Computerspielemuseum ti wà ní Berlin, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ojú kọ̀ǹpútà òde òní ń ya àwòrán ní ìgbà 60. Bí a bá pa ẹ̀rọ mọ́ tí a sì gbàgbé òǹkà Hamburg, ohun tí a óò fi han ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la kò ní jẹ́ ohun tí àwọn tó ṣe é rí.