Papa Ajasco, Aya àti Iyanu: Fíìmù Ẹbí, Ẹbí Ta Ni?

Púpọ̀ nínú àwa tí a dàgbà nídìí tẹlifíṣàn ló mọ Papa Ajasco dáadáa: orí pípá, ikùn rogodo, ojú tí kì í kúrò lára ọmọge tó bá ń kọjá. Ohun tí kì í ṣe gbogbo wa ló mọ̀ ni pé kí ọkùnrin yìí tó di ẹni tó ń rìn tó ń jó, àwòrán ni. Orí bébà ni wọ́n yà á sí. Ní ọdún 1976, Wale Adenuga, tó ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ láti ìgbà tó wà ní Yunifásítì Èkó, gbé ìwé kọ́míìkì kan jáde tó pè ní Ikebe Super. Inú ìwé yẹn ni Papa Ajasco, Boy Alinco àti Miss Pepeiye ti jáde wá.

Lónìí tí Iyanu ti di kàtúùn tí wọ́n ń wò káàkiri ayé, a máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìwé kọ́míìkì di fíìmù. Rárá o. Ìrìn náà ti lé ní ogójì ọdún. Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, torí ìbéèrè kan wà tó ń yọjú ní gbogbo oríta rẹ̀. Wọ́n ní fíìmù ẹbí ni, fíìmù tí bàbá, ìyá àtọmọ lè jókòó wò pọ̀. Ẹbí ta ni?

Orúkọ Ikebe Super fúnra rẹ̀ ti sọ irú ẹni tí wọ́n ṣe ìwé náà fún. Ẹni tó bá mọ ohun tí ìkébè jẹ́ kò nílò àlàyé. Ìwé àgbàlagbà ni. Ọ̀rọ̀ bàbá arúgbó tó ń lé ọmọ kékeré ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọge tó ń lé owó, ọ̀rọ̀ ọkọ tó ń purọ́ fún ìyàwó. Ìwé tí èèyàn kì í kà níwájú bàbá rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn inú rẹ̀ wọ aráàlú lára. Nígbà tó di 1984, Adenuga gbé wọn kúrò nínú ìwé, ó ṣe fíìmù Papa Ajasco.

Kí ló dé tí kò fi jẹ́ kí àwòrán náà máa rìn fúnra rẹ̀? Ẹ bá mi ṣírò. Àwòrán 24 ni fíìmù máa ń fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú kan jẹ́ àwòrán 1,440. Fíìmù wákàtí kan àtààbọ̀ jẹ́ 129,600. Ká tiẹ̀ ní wọ́n lo àwòrán kan lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mejì, bí àwọn oníkàtúùn ṣe sábà máa ń ṣe, ó ṣì ku 64,800. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya gbogbo rẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kámẹ́rà sì ń yà wọ́n. Iṣẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ni, fún ọdún mélòó kan. Ta ló fẹ́ san owó yẹn ní Èkó?

Ohun tí a ní lọ́pọ̀ ni òṣèré. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnjò ti ń ti orí ìtàgé bọ́ sínú sinimá. Hubert Ogunde ti gbé Ayé jáde ní 1979. Nítorí náà, ẹran ara ni wọ́n fi bo àwòrán Papa Ajasco. Nígbà tó tún di ìlàjì kejì àwọn ọdún 1990, ó bọ́ sórí tẹlifíṣàn ní Papa Ajasco and Company. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé àwòrán ṣì ni wọ́n. Orí kodoro, aṣọ Boy Alinco tí kò bára mu, gbogbo ìṣesí wọn tó ti kọjá ààlà: àsọdùn tí ẹnu bírọ̀ ti ṣe ni èèyàn gbé wọ̀ bí ẹ̀wù.

Ìyípadà tó tóbi jù ni ti ìwà. Kí ìwé àgbàlagbà tó lè wọ pálọ̀ níbi tí ọmọdé jókòó sí, wọ́n ní láti fọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìdí rọlẹ̀. Bàbá arúgbó ṣì ń wo ọmọge, ṣùgbọ́n ìtìjú tó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń pa wá lẹ́rìn-ín. Àwọn kan lè sọ pé adùn rẹ̀ dín kù. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀, torí pé ará Yewa ni mí, a sì mọ irú nǹkan báyìí nílé. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, níwájú gbogbo ìlú, Ẹ̀fẹ̀ á jáde, á fi orin tú àṣírí oníwàkiwà, tọkùnrin tobìnrin, ọmọdé á sì wà níbẹ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á jáde ijó. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tilẹ̀ máa ń gbẹ́ ère sórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mìíràn, wọ́n á so okùn mọ́ ọn, tí ère náà á fi máa mira: ejò á máa jà, ẹyẹ á máa ṣáko. Kí kàtúùn tó dé, ère wa ti ń rìn. Ní 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ọmọ aráyé, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà ni Ẹ̀fẹ̀ ń sọ, síbẹ̀ gbogbo ẹbí ló ń wò ó, torí pé gbogbo wọn ló gbọ́ èdè tó fi ń kọrin. Papa Ajasco fọ ìwà mọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àti pidgin ló ń sọ. Oríta àkọ́kọ́ nìyẹn.

Oríta kejì wà ní òdìkejì bọ́dà, lọ́nà Àbíjàǹ tí àwọn ará Èjìgbò àti Yorùbá mìíràn ti ń rìn tipẹ́. Àbíjàǹ ni wọ́n ti bí Marguerite Abouet ní 1971. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ní 2005, òun àti Clément Oubrerie tó ń ya àwòrán gbé ìwé Aya de Yopougon jáde. Ọmọbìnrin mẹ́ta ní àdúgbò Yopougon, ní ìparí àwọn ọdún 1970, ni ìtàn náà dá lé: Aya tó fẹ́ di dókítà, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ Adjoua àti Bintou tí ijó àti ọkùnrin wù. Kò sí ogun níbẹ̀, kò sí ìyàn. Èèyàn tó ń jẹ, tó ń mu, tó ń ṣòfófó ló wà níbẹ̀. Ìwé náà gba ẹ̀bùn ìwé àkọ́kọ́ ní àjọ̀dún Angoulême ní 2006, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ sí i.

Ní 2013 ó di fíìmù kàtúùn. Lọ́tẹ̀ yìí, àwòrán náà gan-an ló dìde tó ń rìn. Kò sẹ́ni tó gbẹ̀mí àwọn aṣẹ̀dá lọ́wọ́ wọn: Abouet àti Oubrerie fúnra wọn ni olùdarí. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà ló mọ èyí tí wọ́n lè gé tí ìtàn ò ní kú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé ni owó àti òṣìṣẹ́ ti wá, Faransé sì ni Aya ń sọ.

Oríta kẹta ni Roye Okupe. Ọmọ Èkó tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ni. Kàtúùn ló kọ́kọ́ wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó fẹ́ náwó sí i. Ó wá yí ọ̀nà padà: bí mi ò bá lè ṣe fíìmù, màá ṣe ìwé, kí ìwé ṣílẹ̀kùn fún fíìmù. Ó dá YouNeek Studios sílẹ̀ ní 2012. Ní 2015 ó fi owó tí àwọn èèyàn dá fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ E.X.O.: The Legend of Wale Williams. Malika: Warrior Queen tẹ̀lé e ní 2017. Ní 2019, Anthill Studios ti Niyi Akinmolayan ní Èkó sọ Malika di fíìmù kàtúùn kékeré, ohùn Adesua Etomi sì ni Malika fi sọ̀rọ̀. Ẹ rántí ìṣírò wa: ohun tí apá kò ká ní Èkó ní 1984, kọ̀ǹpútà ti jẹ́ kí apá ká díẹ̀ nínú rẹ̀ ní 2019.

Ní 2021, iléeṣẹ́ Dark Horse tẹ Iyanu: Child of Wonder, tí Godwin Akpan ya àwòrán rẹ̀. Ọmọ òrukàn tí agbára ńlá sọ̀ kalẹ̀ lé lórí ni Iyanu, nínú ayé kan tí wọ́n fi ìtàn àti àṣà Yorùbá kọ́. Lion Forge, iléeṣẹ́ kan náà tó lọ́wọ́ nínú Hair Love tó gba Oscar ní 2020, sọ ọ́ di kàtúùn. Ní oṣù kẹrin 2025, ó bẹ̀rẹ̀ lórí Cartoon Network ní Amẹ́ríkà. Onípele ni, kì í ṣe fíìmù kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ìdílé ni wọ́n ṣe é fún. Kò sídìí láti fọ ohunkóhun, torí ọmọdé wà lọ́kàn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Okupe wà nídìí iṣẹ́ náà. Ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ nínú àwọn tó fi ohùn sí i: Serah Johnson ni Iyanu, Adesua Etomi-Wellington àti Shaffy Bello wà níbẹ̀. Ká sòótọ́, inú mi dùn. Ọmọ wa kan ń fò lójú ọ̀run, gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sọ nínú rẹ̀. Àmì ohùn kò sí lórí orúkọ. Elu ni wọ́n pe ìlú inú ìtàn náà. Ṣé èlú tí a fi ń pa aṣọ láró ni, àbí nǹkan mìíràn? Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á béèrè, ẹni tí kò gbọ́ ò ní mọ̀ pé ìbéèrè wà.

Ẹ jẹ́ ká gbé gbogbo wọn wá sí ilé kan ní Ọjà-Ọ̀dàn wa níbí. Wọ́n pa ilẹ̀ wa pín ní 1889, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ibi tí bọ́dà máa gbà. Láti ìgbà náà, ẹbí kan náà lè ní ọmọ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé ní Ìláró àti ìbátan tó ń fi Faransé kàwé ní Pobè. Ìyá àgbà wà láàárín wọn tí kò gbọ́ méjèèjì. Tí ẹ bá fi Aya hàn wọ́n, ará Pobè nìkan ló rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá fi Iyanu hàn wọ́n, ará Ìláró ló gbádùn rẹ̀. Ìyá àgbà tó mọ ìtàn òrìṣà jù gbogbo wọn lọ á máa béèrè pé, "Kí ló wí? Kí ló wí?" Ọmọ á kọ́kọ́ máa túmọ̀ fún un. Tó bá ṣe díẹ̀, ó máa sú u. Fíìmù tó ní òun fẹ́ kó ẹbí jọ ti pín wọn bí bọ́dà ṣe pín wọn.

Yorùbá ni èdè kan ṣoṣo tó so gbogbo wọn pọ̀. Ẹ̀ka èdè lè yàtọ̀ díẹ̀ láti Kétu dé Ayétòrò, ṣùgbọ́n a gbọ́ra wa yé.

Ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ni pé kàtúùn ló rọrùn jù láti yí èdè rẹ̀ padà. Bí èèyàn bá ṣeré, ẹnu rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀. Àwòrán kò ní ẹnu tirẹ̀. Ohùn tí a bá fún un ló máa fi sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, ìyẹn yíyà, ti parí. Ohùn ló kù: atúmọ̀ èdè tó mọṣẹ́, òṣèré mélòó kan, yàrá tí ariwo kò wọ̀. Disney ṣe é fún Moana, wọ́n fi ohùn Tahiti àti ohùn Māori sí i. Gbogbo àwọn tó ń sọ èdè méjèèjì yẹn, tí a bá dà wọ́n pọ̀, kò lè kún ìgboro Ìbàdàn.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó máa rà á. Ní àwọn ọdún 1960, ìwé kan wà tó ń jẹ́ Atọ́ka. Fọ́tò àwọn òṣèré orí ìtàgé ni wọ́n ń tò sínú rẹ̀ bíi kọ́míìkì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó wà lórí igbá fún bí ogún ọdún. Àwọn tó rà á nígbà náà ni òbí àti òbí àgbà àwa tí à ń ka èyí lórí fóònù.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ya àwòrán báyìí, tí ẹ ń kó o sórí Instagram tí ẹ ń retí ọjọ́ tí iléeṣẹ́ ńlá á pè yín: tí ọjọ́ náà bá dé, tí ìwé àdéhùn bá wà níwájú yín, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ èdè sí kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ ní kí wọ́n kọ ohùn Yorùbá sínú rẹ̀, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n máa ná sí i, kí wọ́n sì kọ ọdún tó máa jáde. Lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà ò ní béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni wí mọ́. Òun ló máa ṣàlàyé ìtàn náà fún àwọn ọmọ.