Ojúṣe ààbò àti ìlera níbi iṣẹ́ ìkọ́lé ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ojúṣe ààbò àti ìlera níbi iṣẹ́ ìkọ́lé ni àkójọ iṣẹ́ tí òfin àti ìlànà gbé lé olúkúlùkù àwọn tó ń kópa nínú kíkọ́ ilé lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà kú, kí ó má baà farapa, kí ó má sì baà kó àìsàn nítorí iṣẹ́ náà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni ẹni tó ni ilé, ayàwòrán ilé, onímọ̀ ẹ̀rọ, akọ́lé tó forúkọ sílẹ̀, agbaṣẹ́ṣe, fọ́máànù, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn lébìrà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe àyẹ̀wò. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé tó ń dà wó ni ó mú kí gbogbo ènìyàn mọ pàtàkì ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ìkòtún, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimọṣọ, ènìyàn 116 ni ó kú nígbà tí ilé kan wó ní ọdún 2014.

Àwọn ewu

Jíjábọ́ láti ibi gíga wà lára ohun tó ń pa àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ́lé jù lọ ní àgbáyé. Ó lè jẹ́ láti orí àkàbà, láti orí òrùlé, tàbí láti orí igi ọparun tí àwọn bíríkìlà ń dúró lé. Búlọ́ọ̀kù, irin tàbí pákó tó bá já láti òkè jẹ́ ewu fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ tí a gbẹ́ fún ìpìlẹ̀ tàbí fún ṣálángá lè ya lu ẹni tó wà nínú rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tó kún ihò tí gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan lè wọn tó tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá bò mọ́lẹ̀ kò ní lè mí.

Àwọn ewu kan kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tútù máa ń jó awọ ara. Eruku òkúta àti ti kankéré tí a ń gé máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ariwo ẹ̀rọ sì máa ń ba etí jẹ́.

Ewu mìíràn ni pé kí ilé fúnra rẹ̀ wó. Kankéré kì í le tán lọ́jọ́ tí a dà á. Àwọn onímọ̀ máa ń yẹ agbára rẹ̀ wò ní ọjọ́ 7 àti ní ọjọ́ 28. Bí a bá tètè tú àwọn igi tó gbé dẹ́kìn dúró, tàbí tí a gbé àjà mìíràn lé òpó tí a kò ṣe fún un, gbogbo ẹni tó wà nínú ilé náà ló wà nínú ewu.

Àwọn òfin àti àjọ

Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1987 ni òfin àgbà fún ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà. Àwọn olùwádìí nípa iṣẹ́ ìkọ́lé ti tọ́ka sí i pé ibi tí nǹkan ti ń jáde láti inú ẹ̀rọ ni òfin yìí ń bá wí jù, àti pé kò bo ibi tí a ti ń kọ́lé dáadáa. Ìlànà Ìkọ́lé ti Orílẹ̀-èdè, tó jáde ní ọdún 2006, gbìyànjú láti dí àlàfo yìí. Ó béèrè pé kí ètò ààbò àti ìlera tí a kọ sílẹ̀ wà lára ìwé iṣẹ́. Òfin Owó Gbà-mábínú Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 sì pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan tí àjọ NSITF ń bójú tó, kí ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí owó ìtọ́jú gbà.

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ètò ìlú ti ọdún 2010 pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà méjì. Àjọ LASPPPA ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Àjọ LASBCA ni ó ń yẹ iṣẹ́ wò ní ìpele kọ̀ọ̀kan, tó ń ti ibi iṣẹ́ tó léwu pa, tó sì ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí pé ilé ti yẹ fún gbígbé. Ilé àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé ti ìpínlẹ̀ náà ń wọn agbára ilẹ̀, irin, búlọ́ọ̀kù àti kankéré. Àjọ ààbò Ìpínlẹ̀ Èkó, tí òfin ọdún 2011 wà fún, ń ṣètò ìlànà ààbò fún àwọn ibi iṣẹ́ àti ibi ìpéjọ.

Ojúṣe olúkúlùkù

Ẹni tó ni ilé: Òun ni ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó gba àwọn onímọ̀ tó forúkọ sílẹ̀, kí ó sì fún wọn ní owó àti àkókò tó tó. Kò gbọdọ̀ fi àjà kún iye tí ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà á láyè. Òfin ilẹ̀ Bìrìtìkó tí a mọ̀ sí CDM 2015 fi ojúṣe yìí ṣáájú, nítorí pé ẹni tó ń sanwó ni ó ń pinnu bí iṣẹ́ yóò ṣe yá tó.

Ayàwòrán ilé àti onímọ̀ ẹ̀rọ: Iṣẹ́ wọn ni láti yọ ewu kúrò láti orí ìwé. Bí wọ́n bá ya ògiri kékeré sí etí òrùlé pẹrẹsẹ, ẹni tí yóò máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́wàá sí i kò ní jábọ́. Onímọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ irú ilẹ̀ tí ilé yóò dúró lé kí ó tó ṣírò ìpìlẹ̀ àti òpó.

Akọ́lé tó forúkọ sílẹ̀: Ìlànà ọdún 2006 gbé kíkọ ètò iṣẹ́, ètò ìdánilójú ohun èlò, àti ètò ààbò àti ìlera lé e lọ́wọ́.

Agbaṣẹ́ṣe: Òun ni ó ń pèsè ọgbà yí ibi iṣẹ́ ká, akoto, bàtà líle, ìbọ̀wọ́, omi mímu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì. Òun náà ni ó ń rí i pé àwọn agbaṣẹ́ṣe kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò fi ara wọn sínú ewu.

Fọ́máànù àti òṣìṣẹ́ ààbò: Wọ́n ń yẹ àkàbà, igi ọparun, wáyà iná àti ihò tí a gbẹ́ wò kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti lébìrà: Wọ́n gbọ́dọ̀ lo ohun èlò ààbò tí a fún wọn, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n bá rí. Ìwé àdéhùn 155 ti Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 1994, sọ pé a kò gbọdọ̀ fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó bá kúrò níbi tí ó ní ìdí gidi láti gbà pé ewu ńlá ti súnmọ́.

Ìdálẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀kọ́ tí olúkúlùkù nílò yàtọ̀ síra. Òṣìṣẹ́ tuntun ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí ewu wà, ọ̀nà àbájáde àti ẹni tí yóò ké pè. Ìpàdé kúkúrú ní àárọ̀, èdè tí gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́ ni ó yẹ kí wọ́n fi ṣe é. Ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ní Èkó, èdè Yorùbá, Pijin àti èdè Faransé tàbí Gun àwọn tó wá láti Benin lè pàdé lórí dẹ́kìn kan ṣoṣo.

Ẹni tó fẹ́ fi ààbò ṣe iṣẹ́ ọwọ́ lè gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ààbò Nàìjíríà, ISPON, tí òfin ọdún 2014 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, tàbí kí ó ṣe ìdánwò NEBOSH ti ilẹ̀ Bìrìtìkó. Àjọ NABTEB ń ṣe ìdánwò fún àwọn tó kọ́ ìmọlé, káfíńtà àti iṣẹ́ iná ní ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà ti kọ́ṣẹ́. Bí ọ̀gá kò bá lo akoto, ọmọ iṣẹ́ kì í kà á sí ara iṣẹ́.

Ìṣẹ̀lẹ̀ Ìkòtún àti ti Ìkòyí

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue Church of All Nations wó ní Ìkòtún. Ènìyàn 116 ni ó kú, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì wá láti Gúúsù Áfríkà. Ìjọ náà sọ pé ọkọ̀ òfurufú kan tó fò lókè ilé náà ni kí a wádìí. Ní oṣù keje ọdún 2015, adájọ́ tó ṣe ìwádìí ikú wọn sọ pé àléébù nínú bí wọ́n ṣe ṣètò ilé náà ni ó fà á, àti pé kò ní ìwé àṣẹ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé àwọn alábòójútó ìjọ náà àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọdún 2016, wọ́n sì sọ pé àwọn kò jẹ̀bi.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí. Ó lé ní ogójì ènìyàn tó kú, ẹni tó ń kọ́ ilé náà àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì wà lára wọn. Ìròyìn fi hàn pé ilé-iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ kan ti kọ lẹ́tà ní oṣù kejì ọdún 2020 pé òun yọ ọwọ́ nínú iṣẹ́ náà, síbẹ̀ iṣẹ́ tẹ̀ síwájú. Èyí fi hàn pé lẹ́tà onímọ̀ kan kò lè dá ẹ̀mí sí bí ẹlòmíràn kò bá ní ojúṣe àti agbára láti dá iṣẹ́ dúró.

Ní Ìgàndó àti agbègbè rẹ̀

Ìgàndó wà ní Alimọṣọ, tí ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé ènìyàn 1,277,714 ń gbé. Ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ ni olúkúlùkù ń fi owó ara rẹ̀ kọ́ díẹ̀díẹ̀, àjà kan lẹ́yìn èkejì. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, oní-ilé ni ó ń ra sìmẹ́ǹtì, òun ni ó ń pe bíríkìlà, kò sì sí agbaṣẹ́ṣe láàárín. Ojúṣe agbaṣẹ́ṣe kò parẹ́ nítorí èyí. Ọwọ́ oní-ilé gan-an ni ó bọ́ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ oní-ilé kò mọ̀.

Bí ìjàmbá bá ṣẹlẹ̀

Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 àti 767. Ilé ìwòsàn gbogbogbòò Alimọṣọ wà ní Ìgàndó. Lábẹ́ òfin ọdún 2010, òṣìṣẹ́ tó farapa ní láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, agbanisíṣẹ́ náà sì ní láti fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7.