Ìgbóná àti àṣìṣe ìrántí nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́

Ìgbóná àti àṣìṣe ìrántí jẹ́ ìṣòro méjì tí ó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí ó ti pẹ́. Àmì wọn jọra: ẹ̀rọ lè kú lójijì, kí ó sì tún tàn fúnra rẹ̀. Ní Tẹ̀dé, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, àti káàkiri ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, eruku ìgbà ọyẹ́ máa ń dí fáànù àti ihò atẹ́gùn kọ̀ǹpútà.

RAM ń tọ́jú dátà gẹ́gẹ́ bí agbára iná kékeré tí ó ń jò díẹ̀díẹ̀. Bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i ni jíjò náà ń yára sí i. Nítorí náà, ìgbóná lè mú kí RAM tí ó dára ṣe bí èyí tí ó bàjẹ́.

Ìgbóná ni a kọ́kọ́ ń yanjú. Lẹ́yìn tí a bá ti ṣe ẹ̀dà fáìlì pamọ́, a ó pa ẹ̀rọ, a ó yọ wáyà iná àti bátìrì, a ó gbọn eruku kúrò, a ó sì pààrọ̀ ìpara tí ń gbé ooru kúrò lára CPU bí ó bá ti gbẹ. Bí ìṣòro kò bá lọ, a ó fi Memtest86 yẹ RAM kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ihò kan náà. Bí àṣìṣe bá ń tẹ̀lé RAM kan láti ihò dé ihò, RAM náà ni ó yẹ ní pípààrọ̀. Bí ó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ni ó ti ń wáyé, ihò náà ni a ó fura sí.